Wọ́n Ń Ka Máìlì Èrò, Wọn Kò Ka Ọdún Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ olówó létí yín. Ọ̀rọ̀ láńjì ni, yàrá ìgbafẹ́ tí ó wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Kí n tó parí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ọ̀kan nínú àwọn láńjì bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà. Ìtóìkin ni ó ń gbé, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni ó ń jáde nílé. Yóò wọ mọ́tò dé gáréèjì Ìkòròdú, yóò tò fún BRT, yóò kọjá Mile 12, Kétu àti Ọjọ́ta, kí ó tó wá mọ́tò mìíràn tí yóò gbé e dé Ìkẹjà. Bí òjò bá ń rọ̀, orí rẹ̀ ni òjò ń rọ̀ sí. Bí ó bá dé ibi iṣẹ́, yóò nu àga aláwọ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó lé.

Lóṣù tó kọjá, ó wá bá mi nílé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí. Àbí wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ni?" Mo kà á. Agbaṣẹ́ṣe tuntun ni ó gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ibẹ̀. Ìkẹta nìyí láàrin ọdún mẹ́fà. Ilẹ̀ kan náà ni ó ń gbá, ọ̀gá kan náà ni ó ń pàṣẹ fún un, àwọ̀ aṣọ iṣẹ́ nìkan ni ó yí padà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yẹn, òṣìṣẹ́ tuntun ni. Ọdún mẹ́fà ti di òfo.

Mo bi í pé irú àwọn èèyàn wo ni ó ń jókòó sí láńjì náà. Ó ní, "Àwọn tó wọ ipò ńlá nínú ọkọ̀ ni, àti àwọn tó ní káàdì. Ẹlòmíràn nínú wọn, kì í ṣe ọkọ̀ tó ni káàdì rẹ̀ ló fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí káàdì rẹ̀ bá ti jẹ́ ti ẹgbẹ́ wọn, a gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un." Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Mo wádìí rẹ̀, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní ọdún 1981, ilé iṣẹ́ American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí ka máìlì fún àwọn èrò tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ déédéé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ jù ni yóò gba káàdì tó ga jù, káàdì sì ni yóò ṣílẹ̀kùn láńjì fún un. Ní ọdún 1997, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú márùn-ún, Air Canada, Lufthansa, SAS, Thai àti United, kó ara wọn jọ, wọ́n dá Star Alliance sílẹ̀. Ní 1999 oneworld dé. Ní 2000 SkyTeam dé. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Kenya Airways wọ SkyTeam ní 2010, Ethiopian Airlines wọ Star Alliance ní 2011, Royal Air Maroc wọ oneworld ní 2020. Kò sí ilé iṣẹ́ Nàìjíríà kankan nínú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wo bí òfin wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní oníṣòwò kan láti Ẹ̀pẹ́ ti ń wọ ọkọ̀ Lufthansa lọ sí Jámánì fún ọdún púpọ̀, títí wọ́n fi fún un ní káàdì góòlù ti Star Alliance. Lónìí, ọkọ̀ Ethiopian ni ó fẹ́ wọ̀ láti Addis Ababa. Kò san kọ́bọ̀ fún Ethiopian rí títí dé ọjọ́ náà. Àga ẹ̀yìn, àga olówó kékeré, ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà fún. Bí ó bá ti fi káàdì náà hàn pẹ̀lú ìwé ìwọkọ̀ ti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn láńjì yóò ṣí. Ó tún lè mú àlejò kan wọlé, bí àlejò náà bá ń wọ ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé, "Ọ̀dọ̀ Lufthansa lo ti sìn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa." Owó tíì àti owó oúnjẹ tí ó bá jẹ, àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì ni yóò ṣírò rẹ̀ láàrin ara wọn.

Ẹ̀yin ará, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni Lufthansa, ọ̀tọ̀ ni ìjọba Ẹtiópíà tó ni Ethiopian. Orílẹ̀-èdè wọn yàtọ̀, owó wọn yàtọ̀, wọ́n tún ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, wọ́n mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà bọlá fún èrò tó sin ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà ọ̀rọ̀ náà tún lé kún. Ẹni tí ó gba góòlù lọ́wọ́ United fúnra rẹ̀, bí ìrìn àjò rẹ̀ kò bá kọjá inú Amẹ́ríkà, káàdì yẹn nìkan kò lè mú un wọ láńjì United. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba góòlù lọ́wọ́ Lufthansa yóò wọlé pẹ̀lú ìrìn àjò kan náà. Ọmọ ilé ń dúró lóde, àlejò ń jókòó ní pálọ̀. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé òfin náà kò ti ọ̀run bọ̀. Àdéhùn ni. Àwọn èèyàn ni wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n fà á síwá fà á sẹ́yìn, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tí ń gbá ilẹ̀ láńjì. Bí a bá sọ fún agbanisíṣẹ́ pé kí ó ka ọdún òṣìṣẹ́ yìí, ẹ ti mọ èsì rẹ̀. Yóò ní, "Agbaṣẹ́ṣe àná kọ́ ni agbaṣẹ́ṣe òní. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. A kò lè ru ẹrù ẹlòmíràn." Ó mà ṣe o! Nínú yàrá kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà, wọ́n ń ru ẹrù èrò ilé iṣẹ́ mìíràn láràárọ̀. Bí ìwé ìṣirò wọn bá lè mọ ẹni tó jẹ gbèsè ife tíì kan láàrin orílẹ̀-èdè méjì, kí ló dé tí kò lè mọ ọdún mẹ́fà tí ọmọbìnrin kan fi gbá ilẹ̀ kan ṣoṣo?

Kí ni ó sì wà nínú ọdún tí ó sọnù? Ẹ jẹ́ ká ṣí Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ti ọdún 1974. Abala 11 sọ iye ọjọ́ tí wọn yóò fi kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan péré. Ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí dé ìgbà tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún, oṣù kan gbáko. Abala 18 ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹ fún oṣù kan. Pẹ̀lú ìwé tuntun yẹn, ó ti padà di ẹni ọjọ́ kan, ìsinmi ọdún rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Abala 10 òfin kan náà ní a kò gbọ́dọ̀ gbé àdéhùn iṣẹ́ láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kan sí ti òmíràn láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ gbà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé òfin mọ̀ pé àdéhùn lè ti ọwọ́ dé ọwọ́ láìkú. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọn kì í gbé e. Wọ́n ń pa ti àná, wọ́n ń bí ti òní. Owó ìfẹ̀yìntì wa pàápàá, láti ọdún 2004 ni òfin ti ní kí àkáǹtì náà máa tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ níbikíbi tó bá ṣí lọ. Bí owó bá lè tẹ̀ lé wa, kí ló ń dá ọdún wa dúró?

Àwọn kan yóò ní, "Èrò ń mú owó wá, òṣìṣẹ́ ń ná owó ni." Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi láńjì náà sílẹ̀ láìgbá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ilé ìtura má rí omi, kí ife má rí ẹni fọ̀ ọ́. Kí wọ́n wá wo bóyá káàdì góòlù yóò gbá ilẹ̀.

Ẹ tún rántí Nigeria Airways. Nígbà tí ìjọba ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 2003, ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìwọ́de àti ẹ̀bẹ̀. Ó di 2018, ọdún 15 lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó san ìdajì fún wọn. Ọ̀pọ̀ ti kú kí owó tó dé.

N kò bínú ẹni tó ń jókòó ní láńjì. Ẹni tó rin ìrìn àjò tó jìnnà yẹ kó sinmi. Ohun tí mò ń sọ ni pé àǹfààní jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi kálàmù fún èèyàn, tí wọ́n sì ń fi kálàmù gbà padà. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé àwọn ọlọ́lá tí kì í san owó ibodè ní pápákọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ máa san án. Mínísítà Festus Keyamo ní ó kan Ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ pàápàá. Ohun tí wọ́n ti ń pè ní àṣà, ìpàdé ìgbìmọ̀ ni ó yí i padà.

Èyí tí ó dùn mí jù nìyí. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kó ara wọn jọ, wọ́n ní òfin, wọ́n ní àmì ẹgbẹ́, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún káàdì ẹnìkejì rẹ̀. Kí ni ìyẹn bí kì í ṣe yúníọ̀nù? Tiwọn ni wọ́n ń pè ní àjọṣe. Tiwa ni wọ́n ń pè ní ìjọ̀ngbọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní fákitírì Odóńgunyàn, tí fọ́máànù ń sọ fún yín pé kásúà ni yín láti ọdún kẹrin, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ ara bọ́ọ̀sì ń yí padà tí ìjókòó yín kò yí padà, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀ka wa bá jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́ fún àdéhùn tuntun, gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí a fi ṣáájú: bí agbaṣẹ́ṣe bá yí padà tí iṣẹ́ kò yí padà, ọdún òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Kí ẹni tó ń bọ̀ ka ọdún náà, kí òun àti ẹni tó ń lọ ṣírò owó láàrin ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ góòlù ti ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò lè jà fún wa. Ẹni tó ní máìlì ní káàdì lọ́wọ́. Káàdì tiwa dà? Ẹ má ju ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ nù. Ẹ má fi ìwé owó oṣù dì àkàrà. Ẹ tọ́jú káàdì ìdánimọ̀ ti agbaṣẹ́ṣe àná, kódà bí òórùn rẹ̀ bá ń rùn yín sími. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí wọn kò fún yín ní ìwé àdéhùn, ẹ wá sọ fún wa, nítorí abala 7 òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín. Ẹ kó ohun gbogbo wá sí ìpàdé ẹ̀ka, kí akọ̀wé wa kọ ọdún oníkálukú sínú ìwé kan ṣoṣo.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kó tirẹ̀ wá: ìwé mẹ́ta, aṣọ àwọ̀ mẹ́ta, ọdún mẹ́fà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé náà. Tìrẹ ńkọ́?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.

Aṣojú òṣìṣẹ́ yín