Òkìkí Kì í Kún Ikùn: Ọ̀rọ̀ Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà Òṣogbo

Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti ń pọ́n àdá, wọ́n ti ń ṣírò ọjọ́ tí wọn yóò gbin àgbàdo. Ní àkókò yìí gan-an, láti oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọjọ́ tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà bọ́ sí. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ni ọjọ́ ewì. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni ọjọ́ eré orí ìtàgé, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1962. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni ọjọ́ iṣẹ́ ọnà, tí àjọ UNESCO fọwọ́ sí ní 2019. Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin jẹ́ ti ijó, ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ti orin jáàsì, bí ó bá sì di ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún, ó kan àwọn ilé tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Ọdún Àjíǹde pẹ̀lú kì í kọjá àárín ọjọ́ 22 oṣù kẹta sí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin, ìyẹn àsìkò tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá máa ń wálé.

Àgbẹ̀ mọ ohun tí àsìkò yìí wà fún. Ìbéèrè tí mo ní fún àwọn ìlú wa ni pé, kí ni wọ́n fẹ́ kí oníṣẹ́ ọnà fi í ṣe?

Òṣogbo ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe pé tiwọn ló burú jù. Bí a bá ń wá ìlú tí ó yẹ kí ó ti bọ́ nínú ìṣòro yìí tipẹ́tipẹ́ ni, Òṣogbo ni yóò ṣáájú.

Gbogbo wa la mọ Òṣogbo oṣù kẹjọ. Wọn yóò ṣe ìwọ́pópó, wọn yóò tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, wọn yóò bọ adé àwọn ọba tó ti wàjà, Arugbá yóò sì ru igbá lọ sí odò. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ogún àgbáyé, àwọn àlejò sì ń ti Bùràsíìlì, Kúbà àti Amẹ́ríkà wá. Ilé ìtura á kún, ọlọ́kadà á rí owó, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá pàápàá á rí owó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń yàwòrán, ẹni tó ń pa aṣọ láró, ẹni tó ń gbẹ́ ère, oṣù mọ́kànlá ni wọn yóò tún fi máa wo ojú ọ̀nà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pe èyí ní ìdàgbàsókè àṣà. Lójú tèmi, ó dà bí àgbẹ̀ tó gbin irúgbìn kan ṣoṣo, tó sì ń retí oníbàárà kan ṣoṣo tí yóò wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú wà nínú ohun tí àwọn àlejò ń wá wò. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kò dá nìkan ṣe ère inú igbó náà. Adébísí Àkànjí tó fi sìmẹ́ǹtì mọ ère níbẹ̀, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi. Àlejò ń sanwó ní ẹnu ọ̀nà lónìí kí ó tó wọlé wo iṣẹ́ tí bíríkìlà ṣe.

Báwo ni Òṣogbo ṣe di ìlú oníṣẹ́ ọnà? Ìtàn náà kò jìnnà, kò sì gba owó ńlá. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di gbàgede fún eré, ijó àti àwòrán, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mbari, orúkọ tó ti ilẹ̀ Ìgbò wá, ni wọ́n fẹ́ pè é. Ahọ́n àwọn ará Òṣogbo yí i padà sí Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn náà ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ará àdúgbò ló sọ ilé náà lórúkọ. Ẹni tó bá ti fún nǹkan lórúkọ ti gbà pé tòun ni.

Eré Ọba Mòórò ni wọ́n fi ṣí ibẹ̀. Ọba Kò So tẹ̀lé e, nígbà tí yóò sì fi di 1964, eré náà ti dé Berlin. Ní ọdún kan náà ni Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Ẹ wo àwọn tó wà ní àyíká ilé náà nígbà yẹn. Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé ń ṣeré nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń bá wọn tọ́jú iná mànàmáná orí ìtàgé. Oníjó ni Taiwo Ọláníyì, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Twins Seven Seven, tí UNESCO sì fi ṣe oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà ní 2005. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fún wọn ní ibi tí wọ́n lè jókòó ṣiṣẹ́, wọ́n sì wá ẹni tí yóò ra ohun tí wọ́n bá ṣe.

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló wà nídìí rẹ̀, pé ohun tí òyìnbó fẹ́ràn ni wọ́n ń yà. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Ulli àti Georgina Beier ti kúrò ní Òṣogbo, àwọn tó sì ń ra àwòrán, àlejò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà náà kò ṣe ohunkóhun tó burú. Àwa tí a wà nílé ni a kò di oníbàárà wọn. Ẹ wo ògiri ilé ìtura wa àti yàrá àlejò wa. Àwòrán òkè tí yìnyín bò ló wà níbẹ̀, àti àwòrán ẹṣin tó ń sáré létí òkun kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Bí ilé ìtura kọ̀ọ̀kan, báńkì kọ̀ọ̀kan àti ọ́fíìsì ìjọba kọ̀ọ̀kan ní Òṣogbo bá ń ra àwòrán kan ṣoṣo lọ́dún lọ́wọ́ ayàwòrán ìlú, a kò ní máa ka ọjọ́ de oṣù kẹjọ.

Ọ̀rọ̀ owó yìí gan-an ló gbé mi dé ibi tó ń dùn mí jù. Bí ayẹyẹ bá fẹ́ wáyé, ìwé ìpè yóò dé ọ̀dọ̀ onílù, akéwì tàbí ayàwòrán: ẹ wá bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ènìyàn pàtàkì yóò wà níbẹ̀, òkìkí yín yóò kàn. Ẹni tó kó àga wá yóò gba owó. Ẹni tó ta àtíbàbà yóò gba owó. Ìyá tó ń se oúnjẹ kò tilẹ̀ ní gbé ìkòkò kaná láìgba àsansílẹ̀. Onílù nìkan ni wọ́n ní kó máa jẹ òkìkí. Ṣé òkìkí ni yóò fi san owó ilé? Ṣé onílé yóò gbà á?

A máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé iṣẹ́ ni òògùn ìṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo aláró tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Yóò se ẹ̀kọ láfún, yóò fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sára aṣọ, yóò sá a kí ó gbẹ, yóò rì í bọ inú aró ẹ̀lú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́pọ̀ ìgbà, yóò sì wá họ ẹ̀kọ náà kúrò. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Lọ́jà kan náà ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ya irú ọnà bẹ́ẹ̀ sí, wà ní owó pọ́ọ́kú. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wo ọ̀gá rẹ̀ kò fọ́jú. Bí ó bá rí i pé ọ̀gá òun ṣiṣẹ́ títí tí kò rí owó ilé-ìwé ọmọ san, yóò lọ ra ọ̀kadà. Èmi kò lè bá a wí.

Kí ni mo wá ń béèrè? Kí Òṣogbo sọ àsìkò òjò àkọ́rọ̀ di àsìkò iṣẹ́ ọnà kejì, èyí tí kò ní jẹ́ ti àlejò, tí yóò jẹ́ ti àwọn ará ilé. Oṣù náà bá iṣẹ́ mu. Aláró nílò oòrùn, oòrùn sì ṣì máa ń ràn dáadáa láàárín òjò kan sí èkejì ní oṣù kẹta àti ìkẹrin. Bí ó bá di oṣù kẹfà sí ìkeje, aṣọ kì í tètè gbẹ mọ́. Ilé-ìwé á wà ní ìsinmi Àjíǹde, gbọ̀ngàn wọn á ṣófo, àwọn ọmọ á sì wà nílé tí wọn kò rí nǹkan ṣe ju kí wọ́n máa wo fóònù. Kí wọ́n kó wọn jọ sí ọ̀dọ̀ aláró, àyàn àti agbẹ́gilére fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì san owó ojúmọ́ fún àwọn tó ń kọ́ wọn, bí a ti ń san án fún bíríkìlà.

Ìkéde rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ojú ayé. Mo ti rí irú àwọn ìkéde báyìí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú ewé mẹ́wàá lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń béèrè kí oníṣẹ́ ọnà kọ àlàyé gígùn nípa èrò tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Agbẹ́gilére tó ti lo ogójì ọdún nídìí iṣẹ́, ère ọwọ́ rẹ̀ ni àlàyé rẹ̀. Ẹ kéde lórí rédíò, lédè Yorùbá, láti oṣù kìíní. Ẹ sọ iye tí ẹ ó san àti ọjọ́ tí ẹ ó san án. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé, kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, kí ẹ wò ó.

Àwọn kan yóò ní kò sí owó. Ní oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní orílẹ̀-èdè yìí pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó náà ti dá awuyewuye sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun, n kò sì fẹ́ kó wọ inú ìjà àwọn olóṣèlú. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí owó náà bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí mo ń sọ yìí kò tó iye tí wọ́n ń ná sórí pátákó olójú gàdàgbà tí wọ́n fi ń kí ara wọn kú ọjọ́ ìbí. Àwọn oníṣẹ́ ọnà náà ní tiwọn láti ṣe. Ẹ kóra jọ, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní gbà kéré sí, nítorí bí ẹnì kan bá ní òun ò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹlòmíràn sì sáré lọ ṣe é, ọwọ́ ara yín lẹ fi ń ba ọjà jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ọjọ́ 11 oṣù kẹta, 1978, ni Dúró Ládiípọ̀ kú. Kí wọ́n fi ọjọ́ náà ṣí àsìkò náà, kí wọ́n gbé Ọba Kò So jáde ní ìgboro, nítòsí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì san owó àwọn òṣèré kí ìlù àkọ́kọ́ tó dún.