Ọmọ gáà dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ìwé wo ni yóò fi wọlé?

Ní ọjọ́ ọjà, kò sí ẹni tí kò mọ àwọn obìnrin Fúlàní tí ń kiri wàrà ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́. Gáà tí wọ́n ti ń wá kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìlú, ìdílé mìíràn sì ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá bàbá wọn. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń sọ èdè Fúlàní nílé, ó ń fi Yorùbá ná ọjà, èdè Òyìnbó ni yóò sì fi ṣe ìdánwò. Bí ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá délẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè ni bóyá ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ń rí bí ó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì.

Ìdí wà fún èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù December, 1989, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé òfin 41 jáde, èyí tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀. Kàdúná ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ náà. Òfin yìí ní kí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí ibùdó àwọn darandaran, kí wọ́n sì máa bójú tó o. Wọ́n mú àwọn yunifásítì wọ inú ètò náà: ìwádìí ni wọ́n gbé fún ti Jos, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fún ti Maiduguri, ètò ohun tí wọn yóò máa kọ́ àwọn ọmọ sì bọ́ sí ọwọ́ Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Ẹ wá wò ó: yunifásítì ń kọ́ nípa ọmọ darandaran, ṣùgbọ́n òfin náà kò la ọ̀nà tí ọmọ darandaran fúnra rẹ̀ yóò fi wọ yunifásítì.

Ẹni tí ó bá ní ètò ìpín wà, kò purọ́. Nínú 100 àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yunifásítì náà, 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè tó. Kwara wà lára àwọn ti ìkẹyìn yìí. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka gáà. Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ní Òmù-Àrán, tí ìwé kún ilé bàbá rẹ̀, àti ọmọ tí ó ń da màlúù lọ sí odò kí ó tó lọ kàwé, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí ó fi ìwé ṣeré. Àǹfààní tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn, ọmọ ìlú ni yóò kọ́kọ́ gbà á.

Kódà, kí ọmọ gáà tó di ẹni tí wọ́n kà mọ́ Kwara, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di ìṣòro. Wọn yóò béèrè agbo ilé bàbá rẹ̀. Ọdún mélòó ni ènìyàn yóò gbé ní ìlú kí ó tó di ọmọ ibẹ̀? Òfin ilẹ̀ wa kò fún un ní èsì tí ó ṣe gúnmọ́, ìṣòro yìí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ Fúlàní nìkan. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bí sí òkè Ọya ti rí irú rẹ̀ rí.

Ti èdè tún wà ńbẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n padà sí èdè Òyìnbó. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí Èsìẹ́, Yorùbá ni èdè abínibí tí olùkọ́ ń sọ. Àjèjì ni òun náà jẹ́ sí ọmọ gáà.

Ohun tí ó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn Bèdúìnì, àwọn Lárúbáwá darandaran tí wọ́n wà ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kàwé títí wọn yóò fi jáde ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, Hébérù ni wọ́n sì ń bá ní Yunifásítì Ben-Gurion tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Beersheba ní 1969. Àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ lọ níláti tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá àti ẹbí. Ṣùgbọ́n yunifásítì náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn Bèdúìnì, tí ó sì ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní Kwara, ẹ̀rù ti dá kún ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù September, 2025, àwọn agbébọn ya wọ Òkè-Òde ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, wọ́n pa ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì wà lára wọn. Ní November, lẹ́yìn ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì ní Erùkù, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìsin wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ní kí ó má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ajínigbé ń gbé Fúlàní olówó màlúù náà. Ọmọ gáà tí ó gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká, tí ó ń wá yàrá tí yóò háyà, ń ru ẹ̀sùn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Yunifásítì kan tí ó sún mọ́ ọn ni Landmark ní Òmù-Àrán, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, aládàáni sì ni. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní èlé, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù April, 2024, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún. Kí ọmọ gáà tó lè yá a láti lọ sí Ìlọrin tàbí Màlété, yóò ní NIN, yóò ní BVN, bẹ́ẹ̀ màlúù ni báńkì bàbá rẹ̀.

Bóyá Òrò ni ọ̀nà tí ó tọ́ jù, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ Kwara wà níbẹ̀, ní àárín Ìgbómìnà gan-an. Bí wọ́n bá ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ọmọ gáà lọ́dọọdún, kìlómítà díẹ̀ ni ẹni tí ó bá gba NCE yóò rìn padà láti fi èdè Fúlàní ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò ní ṣàì béèrè ìwé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.