Ẹ Má Fi Orúkọ Yan Òkè Fún Wa Mọ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ báyìí, àṣìṣe èṣí la tún máa ṣe.

Bí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́lé nílùú Ọba níbí, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tá à ń kàwé: òkè wo la máa lọ ṣe síkìì? Kí ẹnikẹ́ni tó ṣírò owó, ẹnìkan á ti dárúkọ Val Thorens, ẹlòmíì á ní Courchevel. Kí nìdí? Orúkọ ni. Fọ́tò tá a máa gbé sórí Instagram ni.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́sàn-án la fẹ́ lọ. Méje ló lọ. Ẹnìkan kò rí físà gbà títí ọjọ́ ìrìnàjò fi pé. Owó tó ti san sì wọgbó. Ẹnì kejì rí iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè máa ná an, ó ní iṣẹ́ dí òun lọ́wọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé irọ́ ni, a sì dákẹ́. Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò ní. Àwa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a tún pè é ní àjọjẹ.

Ohun tí mo ń sọ kò le: ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú wa ni ká fi yan òkè. Ìyẹn ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹni tí kò tẹ yìnyín rí, àti ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà láti lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Faransé. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, inṣọ́ránsì ìwòsàn tó tó yúrò 30,000 sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ 15 ni òfin fún wọn láti fèsì, ó sì lè di 45. Òfin kan náà gbà wá láyè láti kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Kí ló dé tá a fi ń dúró di oṣù Kọkànlá ká tó mú ibi tá à ń lọ?

Ó ku ẹni tí kò ṣe é rí. Òótọ́ ni pé Val Thorens ló ga jù ní Yúróòpù, mítà 2,300, àti pé ọ̀nà síkìì tó wà ní Les Trois Vallées tó kìlómítà 600. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, kí ló fẹ́ fi kìlómítà 600 ṣe? Ojú kan náà ló máa wà fún ọjọ́ mélòó kan, tí á máa ṣubú, tí á máa dìde. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Mo mọ èsì yín: "Ibi tó rẹlẹ̀ kì í ní yìnyín." Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Lọ́dún tuntun 2023, ọ̀pọ̀ ibi tó rẹlẹ̀ lórí òkè Alps ló ti ọ̀nà wọn pa nítorí pé koríko ló kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé nìkan kọ́ ló ní òkè gíga. Borovets ní Bulgaria wà ní mítà 1,350, àwọn ọ̀nà rẹ̀ sì kọjá mítà 2,300. Ibi tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́ wà nísàlẹ̀, nítòsí àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Owó oúnjẹ àti ti olùkọ́ níbẹ̀ kéré gan-an sí ti Courchevel. Bulgaria sì ti wọ Schengen pátápátá láti oṣù Kìíní ọdún 2025, físà kan náà ni.

Bí físà bá ṣòro, ẹ jẹ́ ká lọ sí Scotland. Cairngorm wà, Glenshee wà, kò sẹ́ni tó máa béèrè físà mìíràn lọ́wọ́ wa. Yìnyín ibẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán, nítorí náà ká má tètè sanwó.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ òkè lọ́dún yìí, kí kálukú kọ iye tó lè san ránṣẹ́ sí ẹnìkan ṣoṣo, ní ìkọ̀kọ̀. Iye tó kéré jù ni ká fi ṣètò. Kí a má san owó tí kò ṣeé gbà padà kí físà gbogbo wa tó jáde. Kí a lọ lẹ́yìn ọdún tuntun, kì í ṣe oṣù Kejì tí ilé ìwé Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìsinmi tí owó gbogbo nǹkan ń fò sókè.

Ẹ̀yin àgbà wa, fọ́tò yín ti tó. Iye tẹ́ ẹ ná ni kẹ́ ẹ sọ fún wa, kẹ́ ẹ sì yá wa ní ẹ̀wù òtútù tẹ́ ẹ kò lò mọ́. Àwa mẹ́sàn-án la fẹ́ jọ lọ. Òkè tí kò bá gba mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kì í ṣe òkè tiwa.