Ìgò Ṣúgà àti Agbọ̀n Èso

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Ohun tí à ń ṣe ní Mende gan-an nìyí. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ kan náà ni ọjà èso Ìkòsí wà ní Kétu, ibẹ̀ náà sì ni ọjà Mile 12, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń já ata àti tòmátì Òkè Ọya sí. Síbẹ̀, bí ilé-ìwé bá jáde, ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni ó ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, kì í ṣe ọsàn.

Ìjọba kò ṣàì rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí Òfin Ìṣúná tí ó gbé owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn tí kì í ṣe ọtí. Ìyáàfin Zainab Ahmed, Mínísítà fún Ètò Ìṣúná nígbà náà, ṣàlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 pé ìdí rẹ̀ ni láti dín àmujù ṣúgà kù, nítorí àrùn ìtọ̀ ṣúgà àti ìsanra àsanjù, àti láti rí owó fún ètò ìlera àti ìnáwó pàtàkì mìíràn.

Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Lórí ìgò tí ó gba ìdajì lítà, ₦5 péré ni owó orí yìí. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ lè gba ṣúgà tí ó ju gíráàmù 50 lọ. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìwọ̀n tí kò yẹ kí ènìyàn kọjá lóòjọ́. Fún àgbàlagbà, ó tó nǹkan bí gíráàmù 50, èyíinì ni ṣíbí ìpo-tíì 12. Wọ́n ní bí a bá lè dín in kù sí ìdajì, ó sàn jù. Ìgò kan ṣoṣo ti kó ìpín àgbàlagbà tán. Kí ni kí a ti wí nípa ọmọdé?

Àbùkù kejì nìyí: iye kan náà ni òfin wa bù lé ohun mímu tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ àti èyí tí ṣúgà rẹ̀ kéré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 ń wo ìwọ̀n ṣúgà. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó gíráàmù 5 nínú ìdá mẹ́wàá lítà kò san nǹkan kan. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é ti dín ṣúgà wọn kù kí òfin tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa kò fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti dín in kù.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè mú ìgò kúrò lọ́wọ́ ọmọ bí kò bá sí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀. A kò dá ìyá tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé lẹ́bi. Ẹlẹ́rìndòdò a máa pẹ́ nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìbẹ́pẹ tí ó ti pọ́n kò dúró de ẹnikẹ́ni. Tòmátì tí a kó sínú apẹ̀rẹ̀, tí ti òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà, apá kan rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó dé Mile 12. Àdánù yìí ni ó ń sọ oúnjẹ tútù di ọ̀wọ́n nígbà tí ṣúgà rọrùn láti rà.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí owó orí máa tẹ̀lé ìwọ̀n ṣúgà. Kí apá kan owó náà lọ sí àpótí tí kì í tẹ èso, àti sí ilé amúǹkan-tutù lẹ́bàá ọjà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn tí ń tọrọ ìbò yín ní ohun tí owó yìí ń ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá àwọn òǹtajà ilé-ìwé yín sọ̀rọ̀ kí ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà àti àgbàdo má ṣe wọ́n lórí àtẹ wọn. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé odidi èso ni kí wọ́n jẹ; oje tí a fún sínú ife, àti oyin pàápàá, wà lára ṣúgà tí Àjọ náà ní kí a dínkù.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu ọmọ tí ó ti mọ ṣúgà lára.