Owó Ètò fún Abúlé Navajo
Lọ́dún 2019, iléeṣẹ́ amúnáwá ńlá tó wà nítòsí ìlú Page, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo ní Amẹ́ríkà, kógbá sílé. Ibi ìwakùsà èédú Kayenta náà sì tì pa. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹni tó bá sọ pé owó tí ìjọba ń ná sórí ètò ọrọ̀ ajé níbẹ̀ ń bá ìwé lásán lọ kò rò ó dáadáa. Ìjọba àpapọ̀ ló di púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà mú fún àwọn Navajo. Kí oníṣòwò tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ìwé àṣẹ, ìwọ̀n ilẹ̀ àti àyẹ̀wò àyíká gbọ́dọ̀ pé. Abúlé tí kò lówó awọnlẹ̀, níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Òfin Navajo ti ọdún 1998 ti fún àwọn ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ wọn, tó jẹ́ 110, láǹfààní láti ṣètò ilẹ̀ fúnra wọn. Ẹ jẹ́ kí owó náà dé ọ̀dọ̀ wọn, kó má há sí Window Rock, olú ìlú àwọn Navajo.