Ẹ Jẹ́ Kí Àgbà Bá Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Wọ Omi

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ ni, ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn àgbàlagbà pàápàá. Àwa kò kà á sí eré.

Ẹ wo ìlú Abidjan. Ọ̀sà Ebrié ni ó là á láàrin: Plateau àti Adjamé wà ní apá kan, Treichville, níbi tí àwọn ará wa ti ń ṣòwò láti ìgbà tí Faransé ti ń jọba níbẹ̀, wà ní apá kejì, afárá ni a sì fi ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ní ọdún 1950 ni wọ́n ṣí ojú omi tí wọ́n gbẹ́ ní Vridi, tí ọkọ̀ òkun fi ń ráyè wọ inú ọ̀sà. Láti ìgbà náà ni omi ti ń bọ́ ìlú náà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá àgbàlagbà ẹni 60 ọdún kan nínú àwọn ọmọ Ejigbo tí wọ́n pọ̀ ní Abidjan, tí ó lè lúwẹ̀ẹ́ 50 mítà láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀: wíwá rẹ̀ kò ní rọrùn. Ó ti fi ogójì ọdún jókòó nídìí ọjà, orúnkún ń dùn ún, omi sì wà lójú rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ohun tí a kàn ń bẹ̀rù.

Àwọn ẹlòmíràn ti dá ọgbọ́n sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970, ní Amarillo ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn tí ìgbà ọ̀dọ́ wọn ti kọjá. Dókítà Ransom Arthur, oníṣègùn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi wọn, ni ó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn títí ó fi dúró. Èrò rẹ̀ ni pé àgbà tí ó bá ní ìdíje kan tí ó ń retí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ bàjẹ́. Ní 1986, ìdíje àgbáyé irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo. Ní 2024 ó dé Doha, ní 2025 ó dé Singapore.

Ìlànà rẹ̀ ni ó wù wá jù. Láti ẹni ọdún 25 ni wọ́n ti ń pín àwọn olùdíje ní ọdún márùn-ún márùn-ún: 25 sí 29, 30 sí 34, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kọjá 100. Ọjọ́ orí tí ènìyàn yóò jẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n ń lò. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje wọn, ẹni 70 ọdún lè wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni 45, nítorí bí ọwọ́ wọn ti yá tó ni wọ́n fi tò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ka èsì, olúkúlùkù a padà sí àárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 70 kì í banú jẹ́: òun ni àbúrò nínú ẹgbẹ́ tuntun tí ó wọ̀, àwọn ẹni 74 ni yóò sì máa fi ìfura wò ó. Ní ti ìdíje ẹlẹ́ni mẹ́rin, wọ́n a ro ọjọ́ orí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ìsọ̀rí kan wà fún àwọn tí àròpọ̀ ọdún wọn jẹ́ 280 sí 319. Níbo ni a tún ti ń ro ọjọ́ orí pọ̀ bí owó àjọ?

Obìnrin ará Japan kan, Mieko Nagaoka, tí a bí ní 1914, ti dàgbà tó ẹni ọgọ́rin ọdún kí ó tó fi ara fún ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí orúnkún rẹ̀ tí ń dùn ún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní ẹni 100 ọdún, ó lúwẹ̀ẹ́ 1,500 mítà láàrin wákàtí kan àti ìṣẹ́jú bí 16.

Àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó ni èyí. Kí wọ́n dé Ìjẹ̀bú-Òde ní àsìkò Iléyá, kí wọ́n wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bí wọ́n ti ń tò kọjá ní Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan tẹ̀lé òmíràn. Ní Abidjan fúnra rẹ̀, àwọn Ebrié tí wọ́n ni ilẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Tchaman, pín sí ìran mẹ́rin: Bléssoué, Gnando, Dougbo àti Tchagba, ní Anono àti ní Blockhauss, tí ìlú ńlá ti gbé mì, ayẹyẹ ìran kan ṣì ń kó tọmọdé tàgbà jáde. Ohun tí òyìnbó fi kún un kò ju aago àti ìwé àkọsílẹ̀ lọ.

Ìwé náà ni ó lè dá wàhálà sílẹ̀ díẹ̀. Lórí ìwé ọ̀pọ̀ àgbà tí a bí lábẹ́ Faransé, “né vers” ni ẹ óò rí, èyíinì ni pé nǹkan bí ọdún báyìí ni a bí i. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè tó fún ìdíje àgbáyé. Ṣùgbọ́n fún ìdíje láàrin ara wa, àwọn ojúgbà mọ ara wọn. Ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́rin kún ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ni yóò kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ọmọdé pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sómi ní ọdún 2021, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni ìwọ̀n ikú náà ga jù sí. Òbí tí kò mọ omi kì í jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn. Ọmọ a wá yọ́ lọ bá a, láìsí olùkọ́. Nígbà tí Eric Moussambani ti Equatorial Guinea fi ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 52 parí 100 mítà ní ìdíje Olympic ti Sydney ní 2000, ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Inú adágún hótẹ́ẹ̀lì ni ó ti kọ́ ọ, ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Àwa kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Owó kò wọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù. Pápá Ebimpé, níbi tí àwọn ará Côte d'Ivoire ti fi àmì ayò 2 sí 1 gba ife Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, gba 60,000 ènìyàn. A kò jowú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ dùn wá. Ohun tí a ń béèrè kò tó ìyẹn rárá. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba wà ní Treichville, lẹ́bàá ilé àwọn ará wa: kí ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ tọrọ òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti kọjá 50 ọdún, kí wọ́n sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìyá wa, tí wọn kò ní fẹ́ bọ́ṣọ lójú ọkùnrin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀sà rọ́pò rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí ilé àti ti ilé iṣẹ́ ti bà á jẹ́. Kí ó má sì lọ sí etí òkun Vridi, níbi tí ìgbì ti le. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ rí dókítà. Lẹ́yìn náà, kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 50 mítà, kí olùkọ́ kan di aago mú, kí a sì kọ orúkọ, ìsọ̀rí ọjọ́ orí àti àkókò olúkúlùkù sára pátákó. Bí wọ́n bá fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn yìí, àwọn tí ọjọ́ orí wọn pọ̀ jù ni a ó sì fi ṣáájú.