Ìyá Ọba Tí Ìfẹ́ Bò Mọ́lẹ̀

Pearl S. Buck kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ míṣọ́nnárì ti tọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ èdè wọn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní ọdún 1938. Nítorí náà, ìrètí ńlá ni òǹkàwé fi máa ń ṣí Imperial Woman, ìtàn àròsọ tí ó gbé jáde ní 1956 lórí Cixi, Ìyá Ọba tí ó di àṣẹ ilẹ̀ náà mú, yálà ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀, láti 1861 títí ó fi wàjà ní 1908. Ìrètí ọ̀hún kì í pẹ́ kí ó tó já sófo.

Ohun tí ó fà á ni pé ìwé náà fi ìfẹ́ obìnrin yìí sí ìbátan rẹ̀ kan, Jung Lu, ṣe òpó tí gbogbo ilé ìtàn náà fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin náà gbé ayé lóòótọ́: ọ̀gágun tí Cixi fọkàn tán ni, ó sì kú ní 1903. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti jẹ́ àfẹ́sọ́nà rí kò ju àhesọ lọ. Nínú ìwé yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìpinnu ńlá kan tí òjìji Jung Lu kò ṣíji bò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an dùn ju àhesọ lọ. Ní 1852 ni Cixi wọ ààfin gẹ́gẹ́ bí ayaba onípò ìsàlẹ̀. Ní 1856 ó bí àrẹ̀mọ. Ní 1860, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé dáná sun ààfin Yuanmingyuan, Ọba Xianfeng sì ti sá lọ sí Rehe, níbi tí ó kú sí ní 1861. Ìjòyè mẹ́jọ ni a fi ṣe adelé fún ọmọ ọlọ́dún márùn-ún. Àmọ́ òǹtẹ̀ méjì wà lọ́wọ́ àwọn opó méjì, Cixi àti Ci'an, àṣẹ tí kò bá sì ní òǹtẹ̀ wọ̀nyí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Beijing, wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ Prince Gong, àbúrò ọba tí ó wàjà. Wọ́n mú àwọn adelé, wọ́n bẹ́ Sushun tí ó jẹ́ aṣáájú wọn lórí. Cixi kò tí ì pé ọdún 26. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ ìlú.

Ní 1865, ó fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ Prince Gong yìí kan náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé àṣẹ náà. Àṣìkọ kún inú rẹ̀; àwọn ìjòyè ni wọ́n bá a tún un ṣe kí ó tó jáde. Olùkọ́ tí ó bá ti fi bíírò pupa máàkì ìwé rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: obìnrin tí kò mọ̀wé kọ tó bẹ́ẹ̀ ń rọ ọmọ ọba lóyè! Orí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìwé náà dúró sí pẹ́.

Àwọn kan yóò ní ìtàn àròsọ ni, òǹkọ̀wé sì lómìnira. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí àwọn opó méjèèjì bá ara wọn sọ lóru ní Rehe. Ibẹ̀ gan-an ni àyè àròsọ wà. A kò sì gbọ́dọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru Buck. Ìwé tí Bland àti Backhouse tẹ̀ jáde ní 1910 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbára lé nípa Cixi, ọdún 1976 sì ni Hugh Trevor-Roper tú àṣírí Backhouse pé ayédèrú ni ó ń ṣe. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ń pe Cixi ní àjẹ́, Buck fún un ní ọkàn ènìyàn. Orí pípé rẹ̀ ni kò fún un tó.

Àwọn tí wọ́n ti kọ́ni ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, mọ irú àríyànjiyàn yìí, nítorí ọ̀rọ̀ àìlọ́mọ gba iwájú òwò àti agbára Ìyálóde nínú eré náà. Síbẹ̀, Ìṣọ̀lá kò fi ọkùnrin kankan ṣe kọ́kọ́rọ́ ọkàn rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá parí Imperial Woman yóò mọ bí àyà Cixi ṣe ń lù kì-kì-kì nítorí Jung Lu. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ló dé tí obìnrin tí ó dá àtúnṣe Ọba Guangxu dúró ní 1898, tí ó sì há ọba náà mọ́, fi padà ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì fagi lé ìdánwò iṣẹ́ ọba àtayébáyé ní 1905, ibo nínú ìwé náà ni yóò ṣí?